Pontiac GTO àti Láńdírófà: Kí Ni Ọkọ̀ Ń Fi Agbára Rẹ̀ Ṣe?

Ìbéèrè kan ni àwọn tó pè mí gbé lé mi lọ́wọ́: nínú ọkọ̀ alágbára ayé àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car àti ọkọ̀ inú igbó ti ayé àtijọ́, èwo ló ju èwo lọ? Kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká, ọkọ̀ kan péré ni mo mú nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Láti Amẹ́ríkà, mo mú Pontiac GTO ti ọdún 1964. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo mú Land Rover, tí gbogbo wa mọ̀ sí Láńdírófà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1948.

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá délẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè ni iye agbára ẹṣin tó ní. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn la ó fi ṣèdájọ́, ká kúkú máa lọ sílé. Agbára ẹṣin 325 ni GTO ní. Láńdírófà àkọ́kọ́ kò ju nǹkan bíi 50 lọ, èyí tó tẹ̀ lé e ní ọdún 1958 kò sì dé 80. Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn ò sọ ohun tí agbára náà dà nígbà tó bá dé ìdí táyà, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ọkọ̀ méjèèjì wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe dáyé. Òfin ló bí GTO. Ní oṣù kìíní ọdún 1963, General Motors, ilé iṣẹ́ ńlá tó ni Pontiac, pàṣẹ pé kí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ yọwọ́ nínú eré ìje ọkọ̀. Àṣẹ yìí dun Pontiac ju àwọn yòókù lọ, nítorí eré ìje ló sọ orúkọ wọn di ńlá lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Òfin mìíràn tún wà nílẹ̀: ọkọ̀ tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 330 cubic inches lọ. John DeLorean ni ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ ní Pontiac nígbà náà. Òun, Bill Collins àti Russ Gee ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì 389 tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ ńlá wọn àti 326 tó wà nínú Tempest, ọkọ̀ wọn tí kò tóbi jù, tí kò kéré jù, ìta wọn dọ́gba. Ojú ibi tí èyí jókòó sí gba tọ̀hún láìgé irin, láìjó irin.

Báwo ni wọ́n ṣe wá gba ẹ̀gbẹ́ òfin? Ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ni òfin sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sọ ohunkóhun nípa èyí tí oníbàárà bá fẹnu ara rẹ̀ béèrè, tó sì san owó lé. Nítorí náà, GTO kì í ṣe ọkọ̀ tó dá dúró lórí ìwé ní ọdún 1964. Àfikún ni, tí ẹni tó ń ra Tempest LeMans lè ní kí wọ́n fi sí i, owó rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 290 dọ́là. Pete Estes tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Pontiac fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń bójú tó ọjà títà ò gbà pé ó máa tà, 5,000 péré ni wọ́n gbà pé kí wọ́n ṣe. Nígbà tí ọdún máa fi parí, 32,450 ti lọ. Ní ọdún 1966, ó di ọkọ̀ tó dá dúró, wọ́n sì ta 96,946 lọ́dún yẹn nìkan.

Orúkọ rẹ̀ pàápàá, ara Ferrari ni wọ́n ti ṣí i mú, èyí sì bí àwọn kan nínú. Ọ̀gbẹ́ni Jim Wangers, tó ń polówó fún Pontiac, ò jẹ́ kí ìbínú yẹn ṣòfò. Ní oṣù kẹta ọdún 1964, ìwé ìròyìn Car and Driver gbé GTO àti Ferrari GTO sójú ewé àkọ́kọ́ wọn bíi pé wọ́n jọ fẹ́ jà, wọ́n sì kọ ọ́ pé Pontiac yẹn sáré láti ibi tó dúró dé 60 máìlì fún wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4.6. Ariwo ta. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Wangers wá jẹ́wọ́ nínú ìwé tó kọ pé ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ tí wọ́n fún àwọn oníròyìn náà kì í ṣe 389, 421 ni. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ṣì ń ka òǹkà yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí dòní, wọ́n sì ń fi jiyàn. Ọkọ̀ tí oníbàárà rà ò sáré tó bẹ́ẹ̀. Agbára ẹṣin 325 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú un: nígbà yẹn, orí tábìlì ni wọ́n ti ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìso sáyẹ́lẹ́ńsà àti àwọn ẹrù mìíràn mọ́ ọn. Ìgbà tó di nǹkan bí ọdún 1972 tí wọ́n yí òṣùwọ̀n padà, òǹkà gbogbo ọkọ̀ Amẹ́ríkà já wálẹ̀ lórí ìwé.

Àìní ló bí Láńdírófà ní tirẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ti parí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gbèsè wọ ọ̀run, ìjọba sì ń fi ìwọ̀n pín irin fún àwọn ilé iṣẹ́: ẹni tó bá ń kó ọjà lọ sílẹ̀ òkèèrè ló ń rí irin gbà. Rover, tó ń ṣe ọkọ̀ àwọn dókítà àti lọ́yà, kò ní ọjà tí ilẹ̀ òkèèrè ń béèrè. Maurice Wilks, ọ̀gá onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, ní oko kan ní erékùṣù Anglesey ní Wales, Jeep tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ló sì ń lò níbẹ̀. Wọ́n ní etíkun Red Wharf Bay ló ti ya àwòrán ọkọ̀ tuntun sórí iyanrìn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Spencer Wilks, tó ń darí Rover.

Irin ò sí, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù wà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe bódì, wọ́n sì ṣe é ní pẹrẹsẹ, kí wọ́n lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láìra ẹ̀rọ ńlá. Ṣẹ́sí ni wọ́n fi irin ṣe: páànù irin mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n jó pọ̀ di àpótí gígùn. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Amsterdam ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948, 450 pọ́n-ùn ni iye rẹ̀. Wọ́n rò pé àgbẹ̀ ni yóò rà á, wọ́n sì ṣe é kí àgbẹ̀ lè so bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kó máa fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lagi tàbí kó fi pakà. Àwọn Wilks rò pé wọ́n á fi tán àìní ọdún díẹ̀ ni, kí Rover tó padà sídìí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀, Láńdírófà ti ń tà ju gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn lọ.

Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe mẹkáníìkì kí ẹ fara balẹ̀ níbí, torí ibi tó dùn jù lọ́kàn mi nìyí.

Agbára ẹṣin ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń yá sí. Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń wọ̀n: agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ṣáfùtù, bó ti wù kó rọra yí i. Pound-feet ni wọ́n fi ń ka ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì GTO ní 428. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò lítà 2.25 tí wọ́n fi sínú Láńdírófà ní ọdún 1958 ní 124. Ìkan ju ìkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n agbára yìí ò lọ tààrà sí táyà. Ó ń gba inú jíà kọjá, jíà sì ni ó ń fi eré tọrẹ kó lè rí agbára rà, bí ẹni tó ki ọ̀pá gígùn bọ abẹ́ òkúta: ọwọ́ rẹ̀ á rìn jìnnà, òkúta á kàn mira díẹ̀, ṣùgbọ́n á mira.

Nínú GTO tó ní jíà mẹ́rin, bí ẹ bá fi sí jíà kìíní, tí ẹ ṣírò jíà pọ̀ mọ́ dífùréńṣà, ẹ́ńjìnnì á yí nǹkan bíi ìgbà mẹ́jọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Láńdírófà ní ọ̀pá jíà tirẹ̀, ó tún ní ọ̀pá kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní orí pupa ni wọ́n ń fà sẹ́yìn láti bọ́ sí jíà ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà pọ̀. Èyí tó ní orí yẹ́lò ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà láìbọ́ sí jíà ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fa orí pupa yẹn, tí ẹ sì wà ní jíà kìíní, nǹkan bíi ìgbà 40 ni ẹ́ńjìnnì yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ wá fi wọ́n lọ́po. GTO: 428 lọ́nà mẹ́jọ àti díẹ̀ fún wa ní nǹkan bíi 3,500. Láńdírófà: 124 lọ́nà 40 fún wa ní nǹkan bíi 4,960. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta yẹn, nígbà tí agbára rẹ̀ bá dé ìdí táyà, ó ti fi bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti GTO lọ. Lóòótọ́, ibi tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè kọjá rẹ̀ bí awakọ̀ bá rọra tẹ iná. Ohun tí wọ́n sì ṣe é fún nìyẹn: kó gun òkè tó le, kó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹrẹ̀ láìtẹ bíréèkì, kó fa igi tó wó dí ọ̀nà.

Táyà méjì tẹ̀yìn nìkan ló ń fa GTO. Ẹ́ńjìnnì irin tó wúwo jókòó síwájú, ẹ̀yìn fúyẹ́, táyà ìgbà yẹn sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tẹ iná lójijì, táyà á máa yí lójú kan, èéfín rọ́bà á gba gbogbo ojúlé. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn èéfín yẹn, ẹni tó bá sì ti gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì V8 náà ṣe ń bú ní jíà kejì kò ní bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ayọ̀ tòótọ́ wà níbẹ̀. Títì gbọọrọ tí wọ́n ń kọ́ káàkiri Amẹ́ríkà láti ọdún 1956, epo tó pọ̀ bí omi, àti ìran ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun tí owó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ni wọ́n ṣe GTO fún. Lórí títì bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó lè sá ju 180 kìlómítà lọ fún wákàtí kan ní ìtumọ̀. Láńdírófà ò lè dé 110 láìgbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.

Ohun tí mi ò lè gbójú fò dá lára GTO ni bíréèkì rẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú èyí tó wà lára Tempest tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré. Bí ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ bá ń ti orí eré ńlá bọ̀, tí ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, yóò mú. Lẹ́ẹ̀kejì, dúrọ́ọ̀mù ti gbóná, ó ti fẹ̀ díẹ̀ kúrò lára bàtà bíréèkì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ yín á rin ìrìn àjò gígùn kí ọkọ̀ tó dáhùn. Ọdún 1967 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta bíréèkì díìsì fún táyà iwájú, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Wọ́n ta eré fún ọmọ ọdún méjìlélógún, wọn ò ta ìdúró fún un, mi ò sì rò pé ó yẹ ká máa fi ìyẹn yin Pontiac.

Láńdírófà ní àbùkù tirẹ̀. Kò sí dífùréńṣà láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Bí ẹ bá gbàgbé orí yẹ́lò ní ìsàlẹ̀ nígbà tí ẹ ti kúrò lórí ẹrẹ̀ tí ẹ bọ́ sí ọ̀dà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn á máa jà síra wọn ní gbogbo kọ́nà, ibi tí agbára ìjà náà yóò gbà jáde ni ṣáfùtù ẹ̀yìn. Á kàn dún gbà, ó ti dá. Bí táyà iwájú kan àti ẹ̀yìn kan bá sì gbé kúrò nílẹ̀ ní ìgun sí ìgun, àwọn tó wà lófuurufú á máa yí lásán, àwọn tó tẹlẹ̀ á dúró. Awakọ̀ tó mọ̀ ọ́n wà á máa wo ilẹ̀ kó tó dé ibẹ̀. Sípíríǹgì ewé rẹ̀ sì ń gbo ẹ̀yìn awakọ̀. Ẹni tó bá ti wà á láti Ìbàdàn dé Ṣakí mọ ohun tí mò ń wí.

Mo dárúkọ Ìbàdàn. Nígbà ìjọba òyìnbó títí wọ inú òmìnira, Láńdírófà ni ọkọ̀ ìjọba nílẹ̀ wa: ti àwọn olùṣọ́ igbó, ti àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ti àwọn dókítà tó ń lọ bupá fún àwọn ọmọ ní àrọko, ti ọlọ́pàá àti sójà. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn ń to wọ́n pọ̀ nílé níbí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì wa, abẹ́ Láńdírófà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. GTO ò ní irú ìtàn yẹn lọ́dọ̀ wa, mi ò sì ní fipá wá ọ̀kan fún un.

Kí ni òpin wọn? Ọ̀nà mẹ́ta ni ikú GTO gbà dé, wọ́n sì dé pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò gbé owó adójútòfò lé àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ lórí títí ó fi ń súnmọ́ owó tí wọ́n ń san lórí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ti ọdún 1970 mú kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo dúró fún Amẹ́ríkà, ìlà mọ́tò sì gùn níwájú ilé epo. GTO ti ọdún 1974, ara Ventura, ọkọ̀ Pontiac kékeré kan, ni wọ́n gbé orúkọ náà lé, ó sì dáwọ́ dúró síbẹ̀ nígbà náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré ló fi wà nígbà náà.

Láńdírófà ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Solihull, ó ń yí orúkọ padà, ó ń gba ẹ́ńjìnnì tuntun, títí di ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2016. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ìtàn rẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1955, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti yunifásítì Oxford àti Cambridge wa Láńdírófà méjì láti London lọ sí Singapore, wọ́n sì wà á padà sílé. Ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Oxford ṣiṣẹ́ kiri lẹ́yìn náà títí ó fi bá ara rẹ̀ ní erékùṣù Saint Helena láàárín agbami Àtìláńtíìkì, níbi tí ojú ti kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 2017 wọ́n gbé e padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún un ṣe, ní ọdún 2019 ó sì gbéra láti Singapore, ó fi táyà ara rẹ̀ rìn padà dé London. Tim Slessor, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́, ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó fẹ́ bá wọn lọ, àìsàn ò jẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló jókòó sí ipò rẹ̀.

Nígbà náà, èwo ló ju èwo? Lójú tèmi, GTO ju Láńdírófà lọ níbi ayọ̀, kò sì sí ohun ìtìjú nínú kí ẹ̀rọ wà fún ayọ̀. Níbi ọgbọ́n ìṣẹ̀dá, Láńdírófà ló gba ipò kìíní, torí ohun díẹ̀ ni wọ́n fún un, ohun púpọ̀ ló sì fi ṣe. Ẹni tó fi 124 yọ agbára ju ẹni tó ní 428 lọ, òun ni mo máa fún lẹ́bùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tó fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ GTO ti ọdún 1964 tàbí 1965, ẹ ṣọ́ra gidi. Torí pé àfikún lásán ni nígbà náà, nọ́ńbà ara ọkọ̀ ò fi hàn bóyá GTO ni tàbí LeMans lásán tí ẹnìkan lẹ orúkọ mọ́. Láti ọdún 1966 ni nọ́ńbà náà ti ń fi 242 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè mú ìwé ilé iṣẹ́ jáde fún ti ọdún méjì àkọ́kọ́, ẹ ṣe é ní iye LeMans, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọ̀ pupa tàn yín. Bó bá jẹ́ Láńdírófà, ẹ má wo bódì rárá. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún, ó lè máa dán síbẹ̀ kí ṣẹ́sí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jẹra. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ sùn sábẹ́ rẹ̀, ẹ máa kan irin náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá igi irin tó dábùú ẹ̀yìn níbi tí ẹrẹ̀ máa ń dì sí. Níbi tó bá ti dún gbọn-ingbọn-in, ẹ kọjá. Níbi tó bá dún bí páálí, ẹ dìde, ẹ gbọn aṣọ yín, kí ẹ tún owó náà ṣírò. Bí ṣẹ́sí bá yè, tí ẹ́ńjìnnì kú, ẹ má sá: síléńdà mẹ́rin péré ni, mẹkáníìkì tó bá ní sípánà àti sùúrù lè tú u palẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kó sì tò ó padà.

Mo rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ti nawọ́. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn.